Ilé Tí Ó Yẹ Àwọn Tí Òye Wọn Kò Yá

Kókó ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò yìí ni irú ilé àti irú ìtọ́jú tí ó tọ́ sí àwọn ènìyàn tí òye wọn kò yá. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ṣùgbọ́n Òtu ni a ó fi ṣe ibùdó àlàyé, Òtu tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ohun tí ó rọrùn láti dá lábàá fún Ìbàdàn tàbí Èkó, níbi tí dókítà pọ̀ sí, tí ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe sì wà, kì í rọrùn mọ́ nígbà tí a bá dé ìlú àgbẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀dàn, tí àwọn ará rẹ̀ ń gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí. Ìmọ̀ràn tí kò bá wúlò fún Òtu, ìdajì ìmọ̀ràn ni.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n, nítorí pé bí a bá ṣe ń pe ènìyàn ni a ṣe ń lò ó. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n lẹ́nu Yorùbá: dìndìnrìn, sùẹ̀gbẹ̀, ọ̀dẹ̀, òmùgọ̀. Bí a bá yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, a ó rí i pé èébú ni gbogbo wọn. A máa ń fi wọ́n bú ẹni tí orí rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí ó hu ìwà tí kò mú ọgbọ́n dání, a sì tún ń fi wọ́n pe ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí èyí tí ìyá lè fi pe ọmọ rẹ̀ láàárín àwùjọ kí ó má sọrí kọ́. Gbólóhùn tí a yàn fún ìjíròrò yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ó ṣe wọ́n láì fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ fà yọ, èyí ni ìyàtọ̀ láàárín wọn àti àwọn tí orí wọn dàrú. Wèrè jẹ́ àìsàn. Ó lè dé bá ẹni tí ó ti kàwé, tí ó ti bímọ, tí ó sì ti kọ́lé. Bí a bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè lọ. Ẹni tí òye rẹ̀ kò yá kò rí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni nǹkan rẹ̀ ti ń falẹ̀: ó pẹ́ kí ó tó jókòó, ó pẹ́ kí ó tó fọhùn, ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọjọ́ kan mọ̀, ó lè fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ. Kì í ṣe pé ohun kan wọ inú rẹ̀ tí a lè lé jáde. Bí a ṣe dá a ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa wà títí di ọjọ́ alẹ́. Síbẹ̀ ó ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó ń fẹ́ràn ènìyàn, ó ń bínú, ojú sì ń tì í.

Òfin pàápàá kò mọ ìyàtọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí àwọn wèrè ní Nàìjíríà ní ọdún 1916 pa ẹni tí òye rẹ̀ kò yá pọ̀ mọ́ wèrè lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Òfin náà wọ inú ìwé òfin ọdún 1958, kò sì kúrò nílẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Bí ìwé òfin bá ń pe nǹkan méjì ní ohun kan náà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ará ilé bá gbé ọmọ tí kò ya wèrè lọ sọ́dọ̀ awowèrè.

Ohun tí ń fa á pọ̀, a kò sì níí pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn kan wà tí ó ti inú oyún wá. Irú rẹ̀ ni èyí tí dókítà John Langdon Down ṣàpèjúwe ní 1866. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìrọbí ló pẹ́ jù, tí ọmọ kò tètè ké. Ibà pọ́njú tó kọlu ọmọ ọ̀sẹ̀ kan, ibà tó gun orí, àìsàn tó wú awọ ọpọlọ, gbogbo wọn lè ba òye ọmọ jẹ́. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni a lè dènà bí aboyún bá tètè dé ilé ìwòsàn, tí a sì tètè gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n lọ fún ìtọ́jú. Kò sí èyí tí àdúrà ìlémìí tàbí pàṣán lè tún ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ojú inú wo agboolé kan ní Òtu. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ó bí ọmọkùnrin kan báyìí. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, ìyá pọ̀n ọ́n lọ sí oko. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀gúsí, ó ń bá a ru igi. Gbogbo agboolé mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ń bà á lẹ́rù. Bí ó bá rìn lọ sí ọjà, ẹnìkan yóò fà á lọ́wọ́ padà wá sílé. Èyí ni agbára àṣà wa, kò sì sí ìjọba tí ó lè fi owó ra á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òdì kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá yìí nìkan ni ó ń wẹ̀ ẹ́, ìyá yìí nìkan ni ó ń jí lóru nígbà tí wárápá bá gbé e. Àwọn àbúrò ọmọ náà ti lọ sí Ìbàdàn àti Èkó láti wá iṣẹ́. Ní ọjọ́ tí àlejò bá fẹ́ wá tọrọ ọmọbìnrin ilé náà, wọn á ní kí ìyá mú ọmọkùnrin rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn, kí àwọn àna má baà rò pé ìdílé náà ní àbùkù. Nígbà tí iṣẹ́ oko bá pọ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ, ó lè jẹ́ okùn ni wọn yóò fi so ó mọ́ òpó. Kì í ṣe ìkà ló mú ìyá ṣe é, agara ni.

Ìbéèrè tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń bi ara rẹ̀ lóru ni pé: bí mo bá kú, ta ni yóò gbà á? Nínú ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìlú kò bá tètè dáhùn rẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣí ìlẹ̀kùn fún un ni yóò gbà á, yálà ilé rẹ̀ dára tàbí kò dára.

A sì mọ irú ìlẹ̀kùn tí ó máa ń ṣí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ibì kan ní Òjòó ní ìlú Ìbàdàn, wọ́n sì tú ènìyàn 259 sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹbí ni ó mú ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀ fún àtúnṣe ìwà tàbí fún ìwòsàn. Ní oṣù yẹn kan náà, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa ibi ìtọ́jú 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní agbègbè Àbújá. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ìròyìn náà dá lé. Kì í ṣe ilé oníṣègùn tàbí ilé ìjọsìn nìkan ni wọ́n ti rí i. Ó wà ní ibi tí ìjọba ń bójú tó pẹ̀lú. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀sìn kan tàbí iṣẹ́ kan ni ó jẹ̀bi. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ìlẹ̀kùn wọn tì, kò sì sí ẹni tí ń wò wọ́n láti òde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òṣì nìkan ló fà á. Ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Willowbrook. Àwọn tí òye wọn kò yá ni a kọ́ ọ fún. Ènìyàn 4,000 ni ó yẹ kí ó gbà. Nígbà tí ó fi di 1965, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ti lé ní 6,000. Olùtọ́jú kò tó, aṣọ kò tó, àwọn ọmọ jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀gbin ara wọn. Ní 1972 ni oníròyìn Geraldo Rivera gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wọ ibẹ̀, tí àwọn ará ìlú fi ojú ara wọn rí i lórí amóhùn-máwòrán. Àwọn òbí pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n sì ti ilé náà pa pátápátá ní 1987.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ilé tí ó bá tóbi jù kò dára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́bàá ìlú Bristol, ilé ìwòsàn kan ti wà rí tí ń jẹ́ Winterbourne View. Kò tóbi rárá. Ènìyàn 24 péré ni àyè wà fún. Owó kò wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé nǹkan bí 3,500 pọ́n-ùn ni wọ́n ń san lórí ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ kan. Síbẹ̀, nígbà tí BBC fi ohun tí wọ́n yà níkọ̀kọ̀ hàn ní 2011, ohun tí ayé rí ni àwọn olùtọ́jú tí ń gbá aláìlera lójú, tí ń wọ́ wọn nílẹ̀, tí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ 11 ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi, mẹ́fà nínú wọn sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Èyí tí ó burú jù ni pé nọ́ọ̀sì kan ti kìlọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ kò fi etí sí i. Bí Willowbrook ṣe kọ́ wa pé kí ilé má tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ni Winterbourne View kọ́ wa pé ilé kékeré olówó gọbọi pàápàá lè di ihò ìkà, bí ó bá jìnnà sí ojú ẹbí, tí a kò sì gbọ́ igbe ẹni tí ó bá ké láti inú rẹ̀.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? A kò níláti rìn jìnnà kí á tó rí àpẹẹrẹ. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, padà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá máa bójú tó ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Arò. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Dípò kí ó dúró, ó bá àwọn baálé abúlé tí ó yí Arò ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé. Olúkúlùkù aláìsàn mú ìbátan kan wá, ìbátan yìí ni ó ń se oúnjẹ fún un, tí ó sì ń bá a lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á padà sí abúlé, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọmọ ènìyàn. Àwọn onílé ń gba owó ilé, omi ẹ̀rọ sì dé abúlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ilé ìwòsàn ní oògùn ṣùgbọ́n kò ní ilé, abúlé ní ilé ṣùgbọ́n kò ní oògùn. Gbogbo ayé ni ó wá kọ́ ọgbọ́n yìí ní Arò.

Òtítọ́ ni pé àwọn aláìsàn Arò ń yá, wọ́n sì ń lọ sílé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí òye rẹ̀ kò yá yóò nílò alábàágbé títí ayé rẹ̀, nígbà tí ìyá tí ì bá bá a lọ ti kú. Ìlú Geel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni ó dáhùn èyí. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará ìlú náà ti ń gba aláìsàn ọpọlọ àti àwọn tí òye wọn kò yá sínú ilé wọn. Bí onílé bá darúgbó, ọmọ rẹ̀ a gba àlejò náà bí ẹni jogún ẹ̀gbọ́n. Ìjọba ń san owó ìtọ́jú, òṣìṣẹ́ ìlera sì ń yà wọ́n wò déédéé.

Ohun tí Òtu nílò kò níláti jẹ́ ilé gàgàrà tí a kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú. Ilé kékeré kan láàárín àdúgbò, tí ó lè gba ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, yóò tó fún àwọn tí kò ní ẹnìkankan mọ́. Fún àwọn tí ìyá wọn ṣì wà láyé, ibi tí wọn yóò máa wá lójúmọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù, kí ìyá lè lọ sí oko pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kí okùn má sì sí lára òpó mọ́. Àwọn ìdílé tí ó bá fẹ́ gba ẹnìkan sílé, kí a fún wọn ní owó oúnjẹ, kí a sì máa bẹ̀ wọ́n wò. Ìbẹ̀wò yìí kì í ṣe àṣerégèé, nítorí pé Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní ìwọ̀fà. Ẹni tí a bá fi ènìyàn tí kò lè ròyìn ṣọ́ lè sọ ọ́ di ẹrú oko, tí yóò máa kọ ebè láti òwúrọ̀ di alẹ́ nítorí àwo ẹ̀kọ kan.

Báwo ni ẹbí yóò ṣe mọ ilé tí ó dára? Àmì márùn-ún ni kí wọ́n wò.

Èkíní, kí wọ́n wo bóyá àwọn olùtọ́jú mọ olúkúlùkù ní orúkọ, tí wọ́n mọ ohun tí ó fẹ́ràn, ohun tí ń bà á lẹ́rù àti bí ó ṣe ń sọ pé inú ń run òun bí kò tilẹ̀ lè fọhùn. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe gbogbo wọn ní "àwọn wọ̀nyí", kí ẹbí mú ọmọ wọn padà.

Èkejì, kí wọ́n wo ara. Ṣé ó mọ́? Ṣé ó ń sanra tàbí ó ń rù? Ṣé àpá okùn wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀? Ṣé ẹni tí ó ní wárápá ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí ìgbà tí gìrì bá dé nìkan? Ṣé ibi tí obìnrin ti ń wẹ̀ ní ìlẹ̀kùn, ṣé obìnrin ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀? Ọmọbìnrin tí kò lè sọ ohun tí a ṣe sí i ni àwọn oníṣẹ́ ibi ń wá kiri.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́. Ènìyàn tí ó bá jókòó sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́ ń kú díẹ̀díẹ̀. Ní Òtu, ẹ̀gúsí wà ní bíbó, àgbàdo wà ní rírẹ́, adìẹ wà ní sísìn. Ní Ìsẹ́yìn tí kò jìnnà, òwú aṣọ òfì wà ní kíká. Kò sí èyí tí sùúrù kò lè fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí owó tí ó bá ti ibẹ̀ wá jẹ́ tiwọn.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n wo ìlẹ̀kùn. Ilé tí ó ní kí ẹbí wá ní ọjọ́ kan ṣoṣo lóṣù, tí kò sì gbà kí wọ́n kọjá yàrá àlejò, ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Kí ẹbí lè yà láìròtẹ́lẹ̀, kí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ sì lè jáde lọ sí ọjà, sí ìsìn àti sí òde ìyàwó.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n wo àwọn olùtọ́jú fúnra wọn. Ẹni tí a kò san owó oṣù rẹ̀, tí ó ń ṣọ́ ogún ènìyàn nìkan lóru, yóò bínú, ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ ni ìbínú náà yóò sì bọ́ sí lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ni àkànṣe tí a dá sílẹ̀ ní 1977 wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Kò sí ìdí tí àwọn ọmọ Òkè-Ògùn kò fi lè kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀, kí wọ́n sì padà wá ṣe é nílé.

Òfin ti wà lẹ́yìn gbogbo èyí. Ní 2010 ni Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé, èyí tí ó sọ pé aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé láàárín àwùjọ bí ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, òfin náà sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣagbe. Ṣùgbọ́n Àbújá ni ìwé òfin wà. Òtu ni ìyá wà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí ó so wọ́n pọ̀. Kí ó ka àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní agboolé kọ̀ọ̀kan, láti Òtu títí dé Òkákà àti Ìpàpó, kí ó yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa yà sí ọ̀dọ̀ wọn, kí ó sì ní ìwé tí orúkọ ilé ìtọ́jú gbogbo wà, yálà ti ìjọ, ti oníṣègùn tàbí ti aládàáni, kí a lè máa bẹ̀ wọ́n wò láìsọ tẹ́lẹ̀.

Kí àwọn baálé àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn má dúró de ìjọba. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Baálé tí ó bá kọ̀ kí a ti ènìyàn mọ́ yàrá ẹ̀yìn ní ọjọ́ ìtọrọ ìyàwó ti ṣe ohun tí òfin nìkan kò lè ṣe. Àwọn baba wa kọ́ wa pé ọwọ́ Ọbàtálá ni ó mọ arọ, abuké àti àfín, pé ẹni òrìṣà ni wọ́n, ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣẹ̀sín ń fi iṣẹ́ amọ̀kòkò náà ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí lónìí kò níláti bọ òrìṣà kí ó tó gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́, nítorí pé Ọlọ́run tí òun náà ń sìn ni ó dá wọn.

Ọmọ ẹni kì í ṣè̩dí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìdíwọ̀n tí ó rọrùn ni kí olúkúlùkù fi wo ilé ìtọ́jú: ilé tí òun kò bá lè sùn mọ́jú nínú rẹ̀, kí ó má fi ọmọ ẹnikẹ́ni sí i.